Àgò Onílé: Ìtàn Bí Ẹ̀jẹ̀ Inú Ilé Ṣe Ń Tọpa Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fulúù tó ń jà káàkiri àgbáyé lọ́dún náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ l'Ékòó, ó ti bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tó fi dé òkè Ọya. Àwọn àgbà Yorùbá sọ ọ́ ní lùkúlùkú, orúkọ àrùn tó ń pa adìyẹ, nítorí bí àrùn yẹn ṣe ń gbá gbogbo adìyẹ agbo ilé lọ ni èyí ṣe ń gbá èèyàn lọ. Ìjọba amúnisìn rán àwọn wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lọ wá àwọn aláìsàn jáde. Ṣùgbọ́n wolé-wolé tí àwọn ará Èkó mọ̀ kì í báni tọ́jú ara. Ẹni tó ń yọjú wo ìkòkò omi ni, tó ń wá tanwíjí, tó sì ń gbé onílé lọ sí kọ́ọ̀tù bó bá rí i. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, àwọn ìdílé gbé aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àrùn náà dání lọ sí oko àti ìletò. Iye òkú tí a ń kà nínú ìwé ìtàn lónìí, àbá ni: nínú èèyàn bí mílíọ̀nù 18 tó wà ní Nàìjíríà, àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n pé bí ìdajì mílíọ̀nù ló bá a lọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí, òótọ́ sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín kò ju ọ̀kan lọ. Inú ilé ni ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn wà, ìwé ilé ìwòsàn kò lè dá a sọ. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn ni ilé ìwòsàn mọ̀: ẹni tó rí owó ọkọ̀ san, tí ara rẹ̀ ti le débi tí àgbo kò fi ràn án mọ́, tí kò sì bẹ̀rù pé wọ́n á sé òun mọ́lé. Lẹ́yìn ẹni yẹn ni àwọn tí àrùn náà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ wà, àti àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe àwọn, àti àwọn tó kú sínú yàrá láìsí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀nà tó dára jù tí aráyé ti rí láti ka àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí ni pé kí a lọ bá wọn nílé, kí a sì bi ẹ̀jẹ̀ wọn léèrè, nítorí ara tó ti bá àrùn jà máa ń tọ́jú àmì ogun náà. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò lè dá rìn wá. Onílé ló ń mú un jáde, ìgbà tó bá sì wù ú ni. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ìtàn ìwádìí yìí, bó ti jẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì tó, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ ìtàn bí a ṣe ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, dókítà ọ̀dọ́ kan láti Denmark, Peter Ludwig Panum, ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1846, èéyi jà ní erékùṣù Faroe, láàárín òkun àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú èèyàn bí 7,800 tó ń gbé ibẹ̀, bí 6,000 ló dùbúlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Panum lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣàìsàn nínú ilé, ọjọ́ tí ara onítọ̀hún sú, àti ọjọ́ tí àìsàn náà mú ẹni tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń to àwọn ọjọ́ yìí jọ ló rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 14 ló wà láàárín ìgbà tí èèyàn kó èéyi àti ìgbà tó yọ sí i lára. Ó tún rí ohun tó ju ìyẹn lọ. Èéyi ti jà ní erékùṣù náà rí ní 1781, ọdún 65 ṣáájú. Nínú àwọn arúgbó tó ti ṣe é nígbà yẹn, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ àwọn arúgbó ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é rí ń kó o bí ọmọdé. Ara wọn rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbọ́n. Kò sí ìwé ilé ìwòsàn kankan tí Panum ì bá ti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn onílé ló ti gbọ́ ọ, nítorí pé ó jókòó tì wọ́n.

Ohun tí ara fi ń rántí ni àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní áńtíbọ́dì. Bí kòkòrò àrùn kan bá wọlé, ara á rọ sójà tó bá kòkòrò náà gan-an mu, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti àgádágodo kan ṣoṣo. Àrùn á lọ tán, díẹ̀ nínú àwọn sójà náà á sì ṣẹ́kù. Fulúù ọdún 1918 pàápàá fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Richard Shope ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà àti ti ọmọdé wéra, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti wà láyé ní 1918 borí kòkòrò fulúù ẹlẹ́dẹ̀, tó jẹ́ ìbátan fulúù ọdún náà, nígbà tí ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè borí rẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn 32 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 91 sí 101. Gbogbo wọn ló ṣì ní àmì fulúù 1918 lára, lẹ́yìn bí 90 ọdún. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn òpìtàn wa ń dá àbá nípa iye tí lùkúlùkú dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rí wà nínú iṣan àwọn bàbá àti ìyá wa. Wọ́n kú, wọ́n sì gbé e lọ.

Èkó kan náà tó sá fún wolé-wolé ni ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a ti kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà tí àrùn gbà. Ní 1925, àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà gbé ilé àyẹ̀wò kalẹ̀ sí Yábà láti wádìí ibà pọ́njú, Henry Beeuwkes sì ni olórí rẹ̀. Ohun tí ìwé ìjọba ń sọ nípa ibà náà nígbà yẹn kò ju ikú àwọn òyìnbó lọ, nítorí àwọn ni dókítà ìjọba ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé bí òyìnbó kò bá kú, ibà kò sí nílùú. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní Gold Coast, nígbà tí ibà náà ṣe é fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n gún un sára ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ara Asibi yá, ọ̀bọ náà kú. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé irú ọ̀bọ yìí lè kó ibà pọ́njú. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ibà tí Adrian Stokes ń wádìí ló pa á ní Èkó, nígbà tó sì di 1928, ó pa Hideyo Noguchi, tí òun náà ń wádìí rẹ̀, ní Àkrà.

Ó yẹ kí a wo àyẹ̀wò náà dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá èèyàn, wọ́n á gbé e kalẹ̀ títí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ tó mọ́ yóò sì léfòó. Wọ́n á gún omi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ, wọ́n á sì gún kòkòrò ibà pọ́njú sára ọ̀bọ kan náà. Bí ọ̀bọ bá kú, a jẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kò bá ibà yẹn pàdé rí. Bí ọ̀bọ bá yè, sójà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló gbà á là, onítọ̀hún sì ti ṣe ibà pọ́njú rí, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀. Ọ̀bọ wọ́n, ó sì ṣòroó kó, èyí ni kò jẹ́ kí àyẹ̀wò náà lè kárí. Ní 1930 ni Max Theiler fi hàn pé a lè fi èkúté rọ́pò rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sawyer àti Lloyd sì tún ọ̀nà náà ṣe: omi sítáàṣì díẹ̀ nínú ọpọlọ èkúté, kòkòrò àti omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn nínú ikùn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti gba ẹ̀jẹ̀ ní ìlú púpọ̀, kí a sì mọ èyí tí ibà ti gbà kọjá.

Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ tí Beeuwkes àti Mahaffy, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ̀ jáde ní 1934, lórí ibi tí ibà pọ́njú ti dé rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rọrùn débi pé a lè fi sọ́kàn láìjẹ́ onímọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò kọ ọjọ́ tí àrùn wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ń bá wa kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún nìkan ni àmì wà lára wọn ní ìlú kan, a mọ̀ pé ibà náà jà níbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́. Bí ọmọ ọdún márùn-ún bá ní in, kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí ibà ti kọjá ní òpópó náà, kódà kí ìwé dókítà ìjọba ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i pé ibà náà ti wà láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, tó ń bá wọn jà ní ìdákẹ́jẹ́, ní àwọn ibi tí kò sí àkọsílẹ̀ aláìsàn kankan. Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yábà wo ilé, orúkọ tí ìwé ìjọba ti sọ ibà náà sì yí padà: àrùn àlejò di àrùn onílé.

Mi ò ní bo apá kejì ìtàn náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba nígbà amúnisìn, àṣẹ ló máa ń gbé wá, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n ti rí kòkòrò tí Theiler àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, èyí tí ayé ṣì ń gbà títí di òní. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Orúkọ Asibi di orúkọ kòkòrò nínú ìwé àwọn onímọ̀. Gbèsè ni èyí, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ìwádìí ẹ̀jẹ̀ díbọ́n pé òun kò rí i. Ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ, kí àǹfààní rẹ̀ sì padà dé ojúlé rẹ̀. Ìlànà yìí ni mo fẹ́ kí a fi wọn iṣẹ́ tó wáyé ní ọdún 2020.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ni NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, ń ka iye àwọn tí àyẹ̀wò imú àti ọ̀fun ti fi hàn pé wọ́n ní in. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹwàá, iye náà lé díẹ̀ ní 62,000 fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó gbọ́ iye yìí lè rò ọ̀kan nínú méjì: bóyá àrùn náà kò ràn mọ́ wa, tàbí pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ èkejì ní gbangba. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún yẹn, NCDC àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR, tó wà ní Yábà kan náà tí a ti ń gún ọ̀bọ ní ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́, wọ ojúlé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Èkó, Enugu, Nasarawa àti Gombe. Àwọn tó lé ní 10,000 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nínú irú iṣẹ́ yìí, kèké ló ń mú ilé, ìfẹ́ inú òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀. A kì í kọjá ilé tí ajá wà lọ sí èyí tó kàn, a kì í sì í yan ilé ọ̀rẹ́. Ohun tí a ń pè ní agbo ilé níbẹ̀ ni àwọn tí ìkòkò ọbẹ̀ wọn pa pọ̀. Nítorí náà, ilé oníyàrá mẹ́wàá tí àwọn ayálégbé ti kọjú síra wọn ní Múṣin tàbí Àjẹgúnlẹ̀ lè jẹ́ agbo ilé mẹ́wàá, nígbà tí ilé ńlá kan tí bàbá, ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti ń jẹun pọ̀ á jẹ́ ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ á ka àwọn tó wà nínú ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tí kò lágbára láti dìde, nítorí pé àwọn gan-an ni kì í dé ilé ìwòsàn. Ìyọ̀ǹda onílé ló kàn. Ẹni tó bá kọ̀, ó kọ̀.

Àbájáde tí wọ́n kéde ní oṣù kejì 2021 yẹ kó wà nínú gbogbo ìwé ìtàn wa. Ní Èkó, àwọn 23 nínú 100 ló ti ní sójà kòrónà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Enugu, 23. Ní Nasarawa, 19. Ní Gombe, 9. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ìwé ìṣirò alaalẹ́. Ìwé náà sọ pé bí 21,000 ló ti ní in ní Èkó títí di ìparí oṣù kẹwàá. Bí a bá tilẹ̀ fojú kékeré wo Èkó, tí a ní èèyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ló ń gbé ibẹ̀, 23 nínú 100 á lé ní mílíọ̀nù méjì, ìyẹn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ. Ti Enugu tún wọni lára jù. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ kò tó 1,500, débi pé ẹni tó ń ka ìwé ìṣirò á rò pé Enugu bọ́. Lóòótọ́ Èkó pọ̀ ju Enugu lọ, ṣùgbọ́n kò fi ìlọ́po 14 jù ú. Ẹ̀jẹ̀ sọ pé bákan náà ni ìpínlẹ̀ méjèèjì ṣe fara kó o. Ibi tí àyẹ̀wò pọ̀ sí ni ìwé ìṣirò ń fi hàn wá. Ibi tí àrùn wà, ojúlé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Spain, láàárín oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún 2020, wọ́n yẹ àwọn tó lé ní 61,000 wò, wọ́n rí i pé bí 5 nínú 100 ló ti kó o, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kò mọ àìsàn kankan lára. Àwọn tó ń sọ nígbà náà pé kí a jẹ́ kí àrùn rìn títí gbogbo ara á fi mọ̀ ọ́n rí i kedere pé ọ̀nà ṣì jìn, ikú sì ti pọ̀. Ní Geneva, àwọn onímọ̀ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n sì rí i tí iye náà gbéra láti 4.8 nínú 100 dé 10.8 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní Gangelt, ìlú kékeré kan ní Jámánì tí àríyá oṣù kejì ti tan àrùn náà kálẹ̀, wọ́n yẹ àwọn 919 wò láti agbo ilé 405, 15.5 nínú 100 ló sì ti kó o. Inú ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí ohun tí ilé ìwòsàn kò lè rí. Nínú ilé ẹni méjì tí ẹnì kan ti kó o, ewu ẹnì kejì fò sókè dé 43.6 nínú 100, ṣùgbọ́n nínú ilé ẹni mẹ́rin, 18.3 ló jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kù. Jíjẹ nínú ìkòkò kan náà kò túmọ̀ sí pé gbogbo ilé ti lọ sí i. Ó yẹ kí ìdílé tó ń tọ́jú aláìsàn mọ èyí, nítorí pé ẹni tó gbà pé ẹ̀pa kò bóró mọ́ kì í ṣọ́ra.

Àwọn kan á takò mí pé ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́rìí èké. Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ gbójú fò ó. Ní oṣù kẹrin 2020, wọ́n yẹ àwọn 3,330 wò ní Santa Clara, ní Califọ́níà, 50 ni àyẹ̀wò sọ pé ó ti kó o. Bí irinṣẹ́ àyẹ̀wò bá ń ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè sọ pé 50 kó o nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kó o. Ojú Facebook ni wọ́n sì ti pe àwọn èèyàn náà, ẹni tó bá ti wúkọ́ lóṣù tó kọjá ló máa ń yára dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ibà tún dá sí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi irinṣẹ́ àyẹ̀wò kòrónà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti gbà pamọ́ kí kòrónà tó dé, díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ pé òun rí kòrónà, pàápàá lára àwọn tí ibà ẹ̀fọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àṣìṣe wọ̀nyí kọ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti tọ́jú láti ìgbà tí àrùn kò tíì sí ni a fi mọ bí irinṣẹ́ ṣe ń purọ́ tó, a sì lè yọ irọ́ náà kúrò nínú ìṣirò. Ilé tí kèké mú ni a fi ń yẹra fún àwọn tó yan ara wọn. Ẹlẹ́rìí tí a mọ ibi tó ti máa ń ṣì sọ wúlò ju ìwé tó dákẹ́ lọ.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń gbàgbé, á sì tọ́ka sí Manaus ní Bùràsílì. Níbẹ̀, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ṣírò pé nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2020, bí 76 nínú 100 ló ti kó kòrónà. Ó dà bíi pé ìlú náà ti la ogun já. Ní oṣù kìíní 2021, àrùn náà padà pẹ̀lú kòkòrò tó ti yí àwọ̀ padà, afẹ́fẹ́ oksíjìn tán ní àwọn ilé ìwòsàn, àwọn èèyàn sì kú níbi tí ẹbí wọn ti ń wá sìlíńdà kiri. Sójà kòrónà kì í pẹ́ lára bíi ti èéyi. Àwọn tó ṣírò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi kún ìṣirò wọn láti dí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rìn lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kọ́ ni gbogbo ìlú. Ohun tí Manaus kọ́ mi ni pé kí a wọ ilé, kí a sì tún padà lọ, kí a má sì sọ àmì ogun tó ti kọjá di ìlérí pé ogun mìíràn kò ní wáyé.

Àtakò kẹta ni pé iṣẹ́ yìí ń dẹ́rù ba ará ìlú, pé ńṣe ló ń wú iye àrùn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nílé wa. Fún ọdún pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tó wá sí kílíníìkì ni a fi ń díwọ̀n HIV ní Nàìjíríà, 2.8 nínú 100 ni wọ́n sì ń sọ fún àwọn ẹni ọdún 15 sí 49. Ní 2018, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní NAIIS wọ àwọn ojúlé káàkiri ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Nígbà tí àbájáde jáde ní oṣù kẹta 2019, 1.4 ló jẹ́, ìdajì ohun tí a ti ń gbé kiri. Ọ̀nà kan náà tó fi hàn pé kòrónà ju bí a ti rò lọ ló fi hàn pé HIV kò tó bí a ti rò. Ojúlé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù karùn-ún 2020, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Pelotas rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú 133 ní Bùràsílì láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ilé dé ilé. Ìròyìn òfegè ti ṣáájú wọn dé pé àwọn ló ń tan àrùn kálẹ̀. Ní àwọn ìlú kan, ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n sì ba irinṣẹ́ àyẹ̀wò wọn jẹ́. Ọdún 102 ló wà láàárín ìyẹn àti wolé-wolé Èkó, ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀: èèyàn kò mọ ẹni tó dé, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì ti ilẹ̀kùn. N kò ní bú u. Ẹni tí àwọn aláṣẹ kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan ní ìdí láti fura. Nínú àṣà wa, àlejò kì í já wọlé. Yóò ké àgò, yóò dúró títí onílé á fi ní àgò yà, yóò sì sọ ohun tó bá wá kó tó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀ onílé ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣe: kí ó padà wá sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà wí.

Níbi yìí ni iṣẹ́ ọdún 2020, tí mo mọ rírì rẹ̀ gan-an, ti kù díẹ̀ káàtó. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin nínú 36 ló dé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìgbì kejì sì ti gòkè tán kí àbájáde tó jáde. Bí ọkọ̀ Bida mìíràn bá gúnlẹ̀ lọ́la, a kò gbọdọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ojúlé tí kèké ti mú wà ní àkọsílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí àrùn tó dé, kí àwọn onílé náà sì mọ òṣìṣẹ́ tí yóò wá, bí wọ́n ṣe mọ nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nípamọ́ ní Yábà láti ìgbà àlàáfíà, tí a ó fi dán irinṣẹ́ wò lọ́jọ́ tí àlàáfíà bá yẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ní Àjẹgúnlẹ̀ padà sí Àjẹgúnlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kó sì fi èdè tí ìyá àgbà inú ilé gbọ́ sọ fún un pé: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí a yẹ̀ wò ní àdúgbò yín, báyìí ni iye tó ti kó o, báyìí ni ẹ ṣe lè ṣọ́ àwọn tó kù. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan ni yóò ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì.